Bí Mo Ṣe Fi Ọ̀bẹ Mi La Igbó Olóyin sí Méjì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbé àpótí ìjókòó wọn wá síwájú, kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ké fún un lọ́mú, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ará Ìsàlẹ̀ jókòó síbi tí ibòji igi máńgòrò yìí ti tutù jù, nítorí ọ̀nà wọn jìn ju tiwa lọ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè rí òrùlé wọn láti ibi tí a jókòó sí yìí. Ìsìn Ìkórè ti parí, ìrẹsì ti wọ ikùn, oyin nìkan ló kù nínú ìkòkò yẹn. Kí a tó ṣí i, mo fẹ́ sọ ibi tí ó ti wá.

Nehemáyà Ọdẹ́múyìwá ni mí, ọdẹ ìlú Òkè-Ìdóko, ọmọ ìjọ tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kẹta láti iwájú, níbi tí mo ti ń gbọ́ ìwàásù láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú kirikiri títí di ìgbà tó funfun bí òwú yìí. Ẹ mọ̀ mí. Ẹ mọ̀ pé n kì í purọ́, àfi lórí bí ẹran tí mo pa ti tóbi tó, ìyẹn náà sì ni pásítọ̀ ti bá mi gbàdúrà lé lórí lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀dọ́ lè rò pé bí Ìdóko ti rí lónìí ni Ọlọ́run ti dá a. Rárá o. Ní ayé àwọn bàbá ńlá wa, Òkè-Ìdóko àti Ìsàlẹ̀-Ìdóko jẹ́ ìlú kan, ọba kan ló ń jẹ, ọjà kan la ń ná. Nígbà tó yá, àwọn alágbára ilẹ̀ òyìnbó pe ara wọn jọ sí ìlú wọn kan tó ń jẹ́ Bẹlin, wọ́n jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ṣe òfin bí wọn yóò ṣe máa pín ilẹ̀ Áfíríkà láàárín ara wọn, kò sì sí ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo tó ní àga níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú lẹ́ẹ̀dì àti rúlà, wọ́n ń fa ilà sórí ìwé, ọ̀kan nínú àwọn ilà náà sì gba àárín ìlú wa kọjá. Òkè di ti Gẹ̀ẹ́sì, Ìsàlẹ̀ di ti Faransé. Ọmọ ìyá kan náà ni wá, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n bá ní "gúdù mọ́níìn", àbúrò a dáhùn pé "bọ̀ǹjúù", ṣọ́jà a sì dúró láàárín wọn, a máa béèrè ìwé. Ọmọ Ìsàlẹ̀ ni Fẹ̀hìntọlá aya mi. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ẹnubodè ni bàbá rẹ̀ dúró sí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán pẹ̀lú agbádá lọ́rùn, ṣọ́jà kò jẹ́ kó kọjá, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣàdúrà fún wa, tí òun na ọwọ́ láti ọ̀hún, tí àwa kúnlẹ̀ níhìn-ín.

Inú máa ń bí mi gan-an nígbà náà. Mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé, "Ká ní èmi Ọdẹ́múyìwá wà nídìí tábìlì yẹn ni, n ò ní gbà!" Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ó máa fi ẹnu yín sọ níwájú Ọlọ́run. Olúwa gbọ́ mi, ó sì gbé mi lọ sídìí tábìlì.

Àmọ́ kí n tó dé ibẹ̀, àṣà kan wà tí ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí àwa ọdẹ bá pa ẹran ńlá, ẹnì kan ṣoṣo là ń fún ní ọ̀bẹ. Ẹni yẹn ni yóò gé e, òun náà ni yóò sì mú kẹ́yìn pátápátá, kó má baà gé èyí tó dára jù sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mú nǹkan kan, a ó kọ́kọ́ wá ẹni tó ni ilẹ̀ tí ẹran ṣubú sí, a ó ní kó fọwọ́ lé ẹran, ibi tó bá fọwọ́ lé, tirẹ̀ ni. Odindi ogójì ọdún ni èmi fi ń di ọ̀bẹ yẹn mú ní Òkè-Ìdóko. Mo ti pín ẹfọ̀n kan fún ọdẹ méjìlá rí tí ẹnikẹ́ni kò kùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ọ̀bẹ-Kò-Ṣègbè. Orúkọ náà dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi jù.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Ìkórè ni mo gbéra láàárọ̀ kùtùkùtù láti lọ wá ẹran wá fún Olúwa. Mo gbàdúrà lójúde, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo ki ọ̀bẹ bọ inú àkọ̀, mo sì forí lé Igbó Olóyin, igbó tí àwọn àgbà sọ pé igi rẹ̀ máa ń sín bí ènìyàn. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. N kò tíì rìn jìnnà tí ìrókò ńlá kan fi sín sí mi lórí, tí ewé bò mí láti fìlà dé bàtà, mo sì wí pé, "Ọlọ́run á bùkún fún ọ o," igi náà sì dáhùn pé, "Àmín," bí ẹni tó ti jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì rí.

Mo ń gbọn ewé nù nígbà tí mo gbọ́ orin. Àwọn ènìyàn kéékèèké ni mo rí tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bọ̀, wọn kò ga ju orúnkún mi lọ, aṣọ wọn ń tàn bí ìyẹ́ aáyán, ìrì sì ń kán láti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn débi pé ibi tí wọ́n bá tẹ̀ ni koríko tútù ti ń hù. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àwọn Ẹlẹ́sẹ̀-Ìrì tí bàbá mi máa ń sọ fún mi ni, àwọn onílé inú igbó náà. Ìyá àgbàlagbà kan ló ṣáájú wọn, tí ojú rẹ̀ hunjọ bí èso gbígbẹ. Ó dúró, ó gbójú sókè wò mí títí.

Ó ní, "Ọdẹ, kí ló dé tí o ga báyìí? Ṣé òjò ni wọ́n gbàgbé rẹ sí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo dọ̀bálẹ̀, àyà mi kan ilẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni orí mi tó wá bá tirẹ̀ dọ́gba. Mo ní, "Ẹ kú ìnáwó o, Ìyá. Ó jọ pé ìyàwó lẹ̀ ń sìn lọ."

"Ìyàwó ni o! Ìyá Tòjò-Tẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń pè mí. Ewégbèmí ọmọ mi nìyí," ó sì fa ọmọge kan jáde tó fi ọwọ́ bo ẹnu nítorí ẹ̀rín. "A ń mú un lọ bá Akínloyin ọkọ rẹ̀ lódìkejì odò. Àṣà wa ni pé kí ọkọ fi omi ilé rẹ̀ fọ ẹsẹ̀ ìyàwó kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Bí ó bá wọ̀ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, ìrì ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbẹ, ọmọ mi á sì rọ bí ewé inú ọyẹ́, kò ní dìde mọ́. Wá bá wa jẹ oyin!"

"Kí n kọ́kọ́ rí ẹran Ìkórè, Ìyá. Màá bá yín níbẹ̀."

"Má pẹ́ o. Àwọn àna wa máa ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀!"

A rẹ́rìn-ín pínyà. N kò tíì lọ tó ìró ìbọn méjì nígbà tí mo gbọ́ ariwo ìjà, mo yọjú láàárín ewé, mo sì rí ohun tí ojú mi kò rí rí. Tábìlì gbọọrọ kan wà ní gbangba igbó náà, àwọn iwin àjèjì méje sì jókòó yí i ká. Ojú òkun ni wọ́n gbà wá. Ẹsẹ̀ wọn kò tíì kan ilẹ̀ igbó náà rí, nítorí pé àga wọn ló ń bá wọn rìn, tí ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin rìn gbẹ́rẹ́gbẹ̀rẹ bí akàn. Igi inú Igbó Olóyin gan-an ni wọ́n sì fi gbẹ́ àwọn àga náà. Olórí wọn ni Onímú-Ìbọn, tí imú rẹ̀ gùn bí ẹnu ìbọn tí èéfín sì ń jáde níbẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í ni Ojú-Dígí, tí ojú rẹ̀ jẹ́ dígí méjì pẹlẹbẹ, tó jẹ́ pé òjìji ara rẹ̀ nìkan ló ń rí nínú ohun gbogbo. Awọ ńlá kan wà lórí tábìlì láàárín wọn, wọ́n ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Bí Onímú-Ìbọn bá gé e, ìdí tirẹ̀ ni yóò gé èyí tó pọ̀ sí!"

"Ìwọ tí o jí ìfun jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwọ náà ń sọ̀rọ̀!"

Ojú-Dígí ló rí mi. "Ẹ dákẹ́! Ọdẹ nìyí. Ìwọ, ṣé o mọ ẹran pín?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ní kí n jalè ni, ǹ bá sá. Ṣùgbọ́n wọ́n béèrè bóyá mo mọ ẹran pín! Mo na ọrùn mi sókè bí àkùkọ. Mo ní, "Ṣé èmi Ọ̀bẹ-Kò-Ṣègbè lẹ̀ ń bi bẹ́ẹ̀?"

Inú wọn dùn. Nítorí pé kò sí ẹni tó fọkàn tán ẹnìkejì rẹ̀ láàárín wọn, wọ́n kọ ìwé lójú ẹsẹ̀ pé ìlànà àwọn ọdẹ ni pípín náà yóò bá lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti pé ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́, kí àga rẹ̀ kọ̀ ọ́. Wọ́n jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ tẹ̀ka títí ọ̀sán fi pọ́n, kí àwọn méjèèje tó tẹ̀ka sí i. Wọ́n ní itan ìgalà kan yóò jẹ́ tèmi, wọ́n sì fi páánù dídán kan há mi láyà, wọ́n ní oyè ni.

Mo fa ọ̀bẹ yọ. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ lé awọ náà, mo rí i pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo rí i pé irun orí rẹ̀ ń mì lẹ́lẹ́ bí orí igi nínú atẹ́gùn. Mo rí i pé ohun tútù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ṣàn gba àárín rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí, n kò sì béèrè ohun kan. Ọdẹ ni mí, bí mo bá rí awọ, ẹran ni ọkàn mi ń lọ sí. Mo wá ibi tí àárín wà, mo diwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ìka, mo sì kọ́kọ́ là á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀bẹ mi lọ gbọọrọ, kò tẹ̀ síhìn-ín, kò tẹ̀ sọ́hùn-ún. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ ni mo ti gbọ́ igbe. Ilẹ̀ mì, mo yí padà, mo sì rí ọgbà ẹ̀gún kan tó hù láti inú ilẹ̀, tó ga ju ìrókò lọ, tó gba àárín Igbó Olóyin kọjá gbọọrọ, bí ọ̀nà tí ọ̀bẹ mi gbà gan-an. Igbó náà ló wà lórí tábìlì. Igbó alààyè ni mo gé.

Mo sáré dé ibi tí igbe ti ń wá. Ewégbèmí ti jókòó sílẹ̀, ìrì ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn. Lódìkejì ẹ̀gún, mo ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ pé, "Omi wà lọ́wọ́ mi! Omi wà lọ́wọ́ mi, n kò rí ọ̀nà!" Oòrùn sì ti fì sí ìwọ̀-oòrùn.

Ìyá Tòjò-Tẹ̀ẹ̀rùn wo ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ mi. Ó wo páánù àyà mi.

"Ọdẹ. Ìwọ ni?"

Mo wólẹ̀. "Èmi ni, Ìyá. N kò mọ̀ pé ẹ wà nínú rẹ̀."

"Àárọ̀ yìí lo bá wa rẹ́rìn-ín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó mí kanlẹ̀. "N ò ráyè bínú, ọjọ́ ti ń lọ. Bó bá di ọ̀la màá bínú dáadáa. Kí lo tún mọ̀ ọ́n ṣe, yàtọ̀ sí kí o máa gé nǹkan?"

Mo bojú, mo ké pe Olúwa. Àdúrà mi kò gùn, n kò tilẹ̀ rántí ṣe àmín. Mo kàn ní, "Bàbá, ìwọ lo ni ilẹ̀, ìwọ lo fi àwọn wọ̀nyí sínú rẹ̀, fi ọ̀nà hàn mí." Ẹnu mi kò tíì pa dé tí gbólóhùn ìwé tí àwọn àjèjì náà tẹ̀ka sí fi padà wá sí ọkàn mi: ìlànà àwọn ọdẹ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fò sókè. Mo ní, "Ìyá, pípín yẹn kò tíì parí! Ẹ gbé ìyàwó, kí gbogbo yín tẹ̀lé mi!"

Ìgbà tí a dé ibẹ̀, Onímú-Ìbọn ti na ọwọ́ sí awọ. Mo kígbe pé, "Ẹ dúró! Ó ku ohun kan. Ẹni tó ni ilẹ̀ kò tíì fọwọ́ lé e."

"Ta ló ni ilẹ̀?" Ojú-Dígí wò yíká. "A ti yẹ ibẹ̀ wò. Kò sí ẹnikẹ́ni."

"Kò sí ẹnikẹ́ni?" ni Ìyá Tòjò-Tẹ̀ẹ̀rùn wí. Abẹ́ àga rẹ̀ ló wà. "Bẹ ojú dígí yẹn wálẹ̀, ọmọ mi. Èmi ni mo ń kán ìrì sí ọ lẹ́sẹ̀ láti ìgbà yìí wá."

Mo gbé e sórí tábìlì. Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí awọ. Àwọn tó kù ń gun ara wọn lé èjìká, ọkùnrin, obìnrin, arúgbó, olórin, wọ́n ń tẹ́ ọwọ́ lé e, wọ́n bo apá tiwọn, wọ́n bo apá àwọn àna wọn, títí kò fi ku ibi tí èékánná lè wọ̀ láàárín ọwọ́ kan àti èkejì.

"Ibi tí a fọwọ́ lé nìyí," ni ìyá náà wí. "Ó tán."

Èéfín bo imú Onímú-Ìbọn. "Ìlànà ará oko! Ìwé lásán la fi tan ọdẹ yìí. Ẹ gbá àwọn kòkòrò yìí dànù!"

Ó yẹ̀ ẹ́. Ẹnu rẹ̀ ni ó fi yẹ̀ ẹ́. Àga tó jókòó lé sì gbọ̀n bí ẹṣin tí eṣinṣin ta, ó ju ọ̀gá rẹ̀ sókè, ó sì fi ìdí rẹ̀ gúnlẹ̀ fún un láàárín ọ̀nà ìjàlọ! Àwọn mẹ́fà tó kù ní àwọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ̀ka sí ìwé, àwọn àga wọn ní irọ́ ni, wọ́n dà wọ́n sílẹ̀ bí ìdọ̀tí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wo ẹsẹ̀ tí kò tẹ ilẹ̀ rí tó wá bọ́ sáàárín ìjàlọ! "Yéè, ìtàkùn ń jẹ mí!" "Kì í ṣe ìtàkùn, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tèmi!" Wọ́n fò, wọ́n ta, wọ́n di aṣọ mú, wọ́n sá títí a fi gbọ́ tí òkun dún pọ̀ọ̀ lẹ́ẹ̀meje.

Ẹ̀rín kò jẹ́ kí n lè dìde. Ṣùgbọ́n ìyá náà fọwọ́ kàn mí lórúnkún. "Ọdẹ, ẹ̀gún ṣì wà níbẹ̀. Oòrùn kò dúró dè wá. Nínú àṣà yín, ta ló ń mú kẹ́yìn?"

"Ẹni tó gé e, Ìyá."

"Ohun tó ṣẹ́kù fún ọ nìyí." Ó fa abẹ́rẹ́ kan yọ nínú gèlè rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Èmi tí n kò rán bọ́tìnnì rí! Mo tú òwú lára ẹ̀wù ọdẹ mi, mo jókòó ti awọ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí rán an, mo ń gún ara mi níka, ẹ̀jẹ̀ mi ń kán sí i. Bí abẹ́rẹ́ bá wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gún kan á wọlẹ̀ lọ. Gígé rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, rírán rẹ̀ gba gbogbo ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ fi ìyẹn sọ́kàn. Ìtàn ọba ọlọ́gbọ́n kan wà tí pásítọ̀ wa fẹ́ràn, èyí tó ní kí wọ́n la ọmọ sí méjì fún obìnrin méjì. Bí mo ti ń rán awọ náà ni mo ń rántí pé ẹni tó ní kí wọ́n là á, kì í ṣe òun ló rọbí ọmọ náà.

Oòrùn ti kan orí igi nígbà tí mo gún èyí tó kẹ́yìn. Ẹ̀gún tó kù wọlẹ̀, Akínloyin sì ń sáré bọ̀ pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, omi ń dànù ní ọ̀tún ní òsì, àwọn ẹbí ń kígbe pé, "Rọra! Rọra, ìwọ ọmọ yìí!" Ó ṣubú sórí orúnkún níwájú ìyàwó rẹ̀. Omi tó ṣẹ́kù kò tó ẹ̀kúnwọ́ méjì. Ó fi ọ̀kan fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi èkejì fọ ti òsì, gbogbo wa sì bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Ìrì kan kán. Òmíràn kán. Koríko hù lábẹ́ ẹsẹ̀ Ewégbèmí, ó ṣí ojú, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ìdajì omi yẹn lo dà nù. Báyìí lo ṣe fẹ́ máa pọnmi fún mi?"

Háà, ayọ̀! Àwọn ìrókò ń sín nítorí ẹ̀rín. Àwọn àga méje náà gbọ́ orin ilé wọn, wọ́n fi ẹsẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin jó títí gbòǹgbò fi hù nídìí wọn. Èmi náà kọ orin ìyìn tí a kọ láàárọ̀ yìí, wọ́n gba ègbè rẹ̀ bí ẹni pé inú ìjọ wa ni wọ́n dàgbà sí. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo fi ojú rírán hàn ìyá náà, bí ó ti wọ́, tí ó sì hàn gbàgà nínú igbó bí àpá. Mo ní kí ó dárí jì mí, pé n kò mọ bí a ṣe ń pa á rẹ́.

Ó ní, "Fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ yóò béèrè ohun tó fà á, a ó sì máa sọ fún wọn bí a ti ń gba orí rẹ̀ kọjá." Ó sì gbé ìkòkò oyin kan fún mi.

Páánù oyè yẹn, inú odò ni mo jù ú sí. Mo délé, Fẹ̀hìntọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná.

"Bàbá Jóṣúà, ẹran dà?"

"Oyin ni Olúwa fún wa."

"Ẹ gbé ìbọn, ẹ lọ pa oyin." Ó wo ìka mi. "Kí ló gún yín báyìí?"

"Abẹ́rẹ́ ni."

Ó gbé ọbẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó ní kí n jókòó kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, òun ló ní kí a ránṣẹ́ sí àwọn ará Ìsàlẹ̀ pé Ìkórè kan ṣoṣo ni a ó ṣe lọ́dún yìí, kí wọ́n wá láti àárọ̀, kí wọ́n mú ìwé wọn dání, kí wọ́n mú sùúrù fún ṣọ́jà, ṣùgbọ́n kí wọ́n wá. Ẹ wá. Ẹ rí ara yín. Bàbá Fẹ̀hìntọlá ti di ẹni ọgọ́rin ọdún, òun ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn tó ń fi ojú ṣọ́ ìkòkò oyin.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò mọ ìgbà tí ilà orí ìwé yẹn yóò parẹ́. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé ọ̀bẹ lé yín lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń yìn yín, kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń gbé inú awọ náà. Mo sì mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yẹn ṣì wà nínú fìlà mi yìí, gbogbo ẹni tó bá gba ẹnubodè yẹn kọjá lónìí láti wá bá ẹbí rẹ̀ jẹun, ó ti bá mi fi rán ilà náà lẹ́ẹ̀kan.

Ó tó. Fẹ̀hìntọlá, ṣí ìkòkò. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ, kí ó yí gbogbo àwọn ará Ìsàlẹ̀ ká, kí ó padà wá sọ́dọ̀ àwọn ará Òkè. Má tíì bù sí tèmi. Èmi ni mo ni ọ̀bẹ, èmi ni yóò mú kẹ́yìn.